Ihò Méjì Lára Gíábọ́ọ̀sì

Gíà kẹta ló kọ́kọ́ kọ̀ fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan. Láàárọ̀, nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù, bí ọ̀dọ́mọkùnrin náà bá ti ń ti ọwọ́ gíà láti kejì bọ́ sí kẹta, ìró kan á jáde lábẹ́ ọkọ̀ bí ìgbà tí ajá ń rún egungun. Kó tó gbé e wá bá mi ní Ìsọlọ̀, ó ti kọ́ ara rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń fo kẹta: á tẹ kejì títí ẹ́ńjìnnì á fi máa pariwo, á wá já ọwọ́ gíà sí kẹrin. Ó rò pé òun ń ṣìkẹ́ ọkọ̀ ni. Mo ní kó wo ẹni tó ń tiro dáadáa, ẹsẹ̀ tí kò dun ẹni náà ló ń ru ẹrù méjèèjì.

Ọkọ̀ náà kì í ṣe ọkọ̀ àná. BMW 325i onílẹ̀kùn méjì ni, ti ọdún 1986, ẹ̀yà tí àwọn Jámánì tó ṣe é sọ ní E30. Ọdún 1982 ni ẹ̀yà náà kọ́kọ́ jáde, 325i sì tẹ̀ lé e ní 1985: ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́fà, lítà méjì àtààbọ̀, agbára ẹṣin bíi 170. Bàbá ọmọ yìí ló ni ín. Láyé ìgbà tí àwọn ọmọge Èkó ń sọ pé "Be My Wife" ni ìtumọ̀ BMW, ó ti wà ní Máfolúkù, tí bàbá ń fi í gbé ìyàwó rẹ̀ lọ òde àríyá. Nígbà tí bàbá kú, àwọn ẹ̀gbọ́n gba ilé, àbíkẹ́yìn ní kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ yìí ni kí wọ́n fún òun.

"Bàbá, ẹ bá mi wá gíábọ́ọ̀sì tó le jù lọ," ló wí. "Owó kọ́ ni ìṣòro."

Mo rẹ́rìn-ín. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń wọ abẹ́ ọkọ̀. Gbogbo ẹni tó bá ní owó kọ́ ni ìṣòro, kò tíì dé ọjà ẹ̀yà ọkọ̀ ní Ládípọ̀ ni.

Ṣùgbọ́n kí a tó sin òkú, a máa ń fọwọ́ kan imú rẹ̀ wò. Ọ̀pọ̀ gíábọ́ọ̀sì tí wọ́n ti jù síta ní ìlú yìí, kílọ́ọ̀ṣì ló ṣẹ̀, gíábọ́ọ̀sì ló jìyà. Nítorí náà, mo tẹ kílọ́ọ̀ṣì mọ́lẹ̀, mo ka ení, èjì, ẹ̀ta, mo wá ti ọwọ́ gíà sí ẹ̀yìn. Bí kílọ́ọ̀ṣì kò bá tú dáadáa, ibẹ̀ ni ariwo á ti jáde. Ariwo kò jáde. Mo gbé ọkọ̀ sókè, mo wo rọ́bà tó so ṣáàfù mọ́ ìdí gíábọ́ọ̀sì, kò ya. Ó wá ku epo.

A fi àwo funfun tí ìyàwó mi fi ń fọ ẹ̀wà gbe epo náà. Ó nípọn, ó dúdú. Mẹ́káníìkì kan tó ti tọ́jú ọkọ̀ yìí rí ló da epo dífíránṣà sí i, pẹ̀lú èrò pé epo tó bá ki ló dára fún ọkọ̀ àgbà. Ohun tí wọ́n ń fi sínú epo dífíránṣà kí eyín irin má baà jẹ ara wọn lè máa jẹ idẹ, bẹ́ẹ̀ idẹ ni òrùka tó wà nínú gíábọ́ọ̀sì irú èyí. Òrùka yẹn ni onílàjà inú ilé. Bí ènìyàn bá ń ti gíà, irin méjì tí eré wọn kò dọ́gba ló fẹ́ wọnú ara wọn; òrùka á kọ́kọ́ di ọ̀kan mú, á rọ̀ ọ́ títí eré wọn á fi dọ́gba, kó tó jẹ́ kí wọ́n pàdé. Bí òrùka bá ti jẹ tán, kò sí onílàjà mọ́. Ariwo tí ọmọ náà ń gbọ́, ìjà ni.

Mo gbé àwo lọ sínú oòrùn, mo sì mì ín. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń kọ mànà bí ìgbà tí wọ́n da iyanrìn wúrà sí i: idẹ òrùka nìyẹn. Mo fi òòfà rá inú rẹ̀. Ìyẹ̀fun irin dúdú tó bò ó kò bà mí lẹ́rù, gbogbo gíábọ́ọ̀sì tó ti ṣiṣẹ́ ló ń ní in. Ohun tó bà mí lẹ́rù ni ègé kan tó tóbi tó hóró ìrẹsì, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ṣì ń dán. Eyín gíà ni. Ẹni tí eyín rẹ̀ ti kán kò sọ pé ikùn ló ń run òun. Mo sọ fún ọmọ náà pé ó ti tó kí a wá òmíràn.

Àṣé òun ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá a ṣáájú mi. Ó mú fóònù jáde. Ìbátan rẹ̀ kan ní London ti rí gíábọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ ti M3, àbúrò ọkọ̀ yìí tí wọ́n ṣe fún eré ìje. "Èyí ni àwọn ọmọ eré ìje ń lò, Bàbá. Ẹ wò ó, gíà kìíní wà nísàlẹ̀!"

Mo mú ṣọ́ọ̀kì, mo kọ nọ́ḿbà sára ògiri. Nọ́ḿbà gíà kò le: iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì á yí kí ṣáàfù tó yí lẹ́ẹ̀kan ni. Gíábọ́ọ̀sì tó bá ọkọ̀ yìí wáyé ni Getrag 260, nọ́ḿbà tirẹ̀ sì ni 3.83, 2.20, 1.40, 1.00 àti 0.81. Ti M3 ni 3.72, 2.40, 1.77, 1.26 àti 1.00. Ẹ ó rí i pé kìíní méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ibi tí wọ́n ti yapa ni òkè: ti M3 sún mọ́ra, kí ẹ́ńjìnnì má baà sọ agbára nù bí awakọ̀ bá ń pààrọ̀ gíà nínú ìje, ṣùgbọ́n kò ní gíà ìsinmi. Mo wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ ka páálí irin kékeré tó wà lẹ́yìn dífíránṣà: 3.73. A fi táyà tó wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ ṣírò rẹ̀. Ní ọgọ́rùn-ún kìlómítà láàárín wákàtí kan, èyí tí òfin ìrìnnà fàyè gbà lójú ọ̀nà márosẹ̀, gíábọ́ọ̀sì tiwa yóò máa yí ẹ́ńjìnnì ní ìgbà 2,630 ní ìṣẹ́jú kan. Ti M3 yóò máa yí i ní 3,250. Ẹni tó bá fẹ́ lọ kí ìyá rẹ̀ ní Ìbàdàn lọ́jọ́ Sátidé, yóò fetí gbọ́ ìyàtọ̀ yẹn láti Berger dé Ojóò.

Ti kìíní tó wà nísàlẹ̀ ńkọ́? Àwọn eléré ìje ń lo kìíní lẹ́ẹ̀kan péré, nígbà tí àsíá bá já. Láti ibẹ̀ lọ, kejì sí kẹta ni tiwọn, nítorí náà wọ́n to méjèèjì sórí ìlà kan, wọ́n sì ti kìíní sí igun ìsàlẹ̀ lápá òsì. Ó dára fún wọn. Ṣùgbọ́n láti Cele sí Òṣòdì nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, kìíní sí kejì, kejì sí kìíní ni gbogbo ayé ẹni. Àwa tí a rí àwọn ọdún tí tírélà tò sójú ọ̀nà Òṣòdì sí Àpápá bí àlejò tí kò fẹ́ lọ, a mọ̀ pé kò sí ẹni tó ń sáré ìje níbẹ̀. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ni iṣẹ́ tí a ń ra gíà fún, ọjọ́ Sunday àárọ̀ kùtù lórí Third Mainland ni ẹ̀bùn.

"Ká ní Gúúsù Áfíríkà lo wà," mo sọ fún un, "mi ò bá má jà." Àwọn ọ̀hún ń to BMW ní Rosslyn, wọ́n ṣe 333i àti 325iS tiwọn tí kò sí níbòmíràn, Gusheshe ni àwọn ọ̀dọ́ wọn sì ń pe E30, tí wọ́n ń fi í yípo lójú agbo bí òkòtó. Ẹni tó bá ń jó lójú agbo lè wọ bàtà ijó. Ìwọ tó ń fi ọkọ̀ lọ sí ibi iṣẹ́, bàtà ìrìn ni kí o wá.

Ohun kan sì tún wà tí fóònù kò sọ fún un. M3 jẹ́ onísílíńdà mẹ́rin. Gíábọ́ọ̀sì rẹ̀ kò lè fẹnu kan ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì tiwa.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ojú tí àwọn ènìyàn fi ń wo gíábọ́ọ̀sì ni pé ẹyọ kan ni, bíi bátìrì: yọ ti àná, fi tòní sí i. Ṣùgbọ́n nínú Getrag 260 bíi tiwa, agogo ńlá tó bo kílọ́ọ̀ṣì, tó sì fi ihò bọ́ọ̀tù kan ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì, ara gíábọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ ni. Wọn kì í tú u kúrò kí wọ́n fi òmíràn dípò. Ẹ́ńjìnnì 325i ń fi ẹ̀gbẹ́ kan dùbúlẹ̀ díẹ̀ ni, ìwọ̀n ogún dígírì. Ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́fà tó rọ́pò rẹ̀ nínú àwọn BMW tó dé lẹ́yìn 1990 dùbúlẹ̀ ní ọgbọ̀n. Dígírì mẹ́wàá péré, ihò bọ́ọ̀tù kò sì ní pàdé mọ́. Nítorí náà, gbogbo gíábọ́ọ̀sì tuntun-tuntun tó kún ìlú, tó sì pọ̀, kò wúlò fún wa. Ti 318i pọ̀ bákan náà, ṣùgbọ́n Getrag 240 ni, ó kéré sí 260, ti onísílíńdà mẹ́rin ni. Ta ló wá kù? Ẹ̀gbọ́n ọkọ̀ yìí, 525i ti 1988 sí 1990, tí wọ́n fi irú ẹ́ńjìnnì kan náà àti irú gíábọ́ọ̀sì kan náà sí. Òun ni mo wá lọ sí Ládípọ̀.

Láti Ìsọlọ̀, kò jìnnà: Ìyànà Ìsọlọ̀, Five Star, Toyota, kí a sì sọdá márosẹ̀. Ilẹ̀ Múṣin ni Ládípọ̀ wà, ṣùgbọ́n àwa mẹ́káníìkì Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ la ń jẹ lára rẹ̀ jù. Ìlà kan wà tó jẹ́ iná ọkọ̀ nìkan, tí ojú dígí ń wo ènìyàn láti òkè délẹ̀. Ìlà kan wà tó jẹ́ ilẹ̀kùn. Èyí tí mo ń lọ ni ibi tí ẹ́ńjìnnì àti gíábọ́ọ̀sì dùbúlẹ̀ lórí ilẹ̀ bí ewúrẹ́ ọjà iléyá. Ẹni tí kò mọ̀ á gbọ́ tí wọ́n ń ké "Béljíọ̀mù! Béljíọ̀mù!" á rò pé ìlú òyìnbó ni wọ́n ń tà. Ọ̀rọ̀ náà nídìí. Ọjọ́ pẹ́ tí èbúté Antwerp àti àdúgbò Heyvaert ní Brussels ti ń kó ọkọ̀ àlòkù ránṣẹ́ sí apá ibi tí a wà yìí, Kútọnu pàápàá, tí ẹrù sì ń wọ̀lú láti ibẹ̀. Ohun tó bá ti ibẹ̀ wá la ń pè ní Béljíọ̀mù, ì báà tilẹ̀ jẹ́ Japan ni wọ́n ti tú u.

Ọmọ Igbo ló pọ̀ jù nídìí ọjà náà, ọ̀pọ̀ wọn láti Nnewi, àwọn kan nínú wọn sì ń pa òwe Yorùbá ju ọmọ iṣẹ́ mi lọ. Kí ènìyàn tó dé ọ̀dọ̀ wọn, alárinà á ti pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà: "Bàbá, kí lẹ ń wá? Mo mọ ibi tó wà." Mi ò bínú sí alárinà. Ní ilẹ̀ wa, kò sí ìgbéyàwó tó dára tí alárinà kò sí nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n alárinà á yẹ̀ bí ọjọ́ ìjà bá dé, nítorí náà, ìwádìí kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ ẹni tó ń fẹ́ ìyàwó ni.

Lọ́jọ́ Tuesday ní Áswání, ní Ìsọlọ̀ wa níbí, ẹ wo àwọn ìyá tó ń ra òkìrìkà. Wọn kì í wo ojú aṣọ. Wọ́n á yí inú rẹ̀ síta, wọ́n á fi ìka tọ ojú rírán rẹ̀, wọ́n á gbé e sójú oòrùn wò bóyá ó ti lu. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe ń ra gíábọ́ọ̀sì. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ló fi han mí, ní Máfolúkù, nígbà tí mi ò tíì ní irùngbọ̀n.

Ọlọ́jà fa ọ̀kan yọ fún mi, ó ti fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, ó ń dán. Gíábọ́ọ̀sì tó bá dán jù máa ń fu mí lára, ìdọ̀tí ló ń fi ibi tí epo ti ń jò han. Mo fi ọwọ́ di ṣáàfù iwájú mú, mo gbé e sókè, mo gbé e sílẹ̀: kò mì. Mo ti gíà sí kìíní, mo fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ṣáàfù iwájú àti ti ẹ̀yìn, mo ní kí ọmọ iṣẹ́ mi máa yí ti iwájú, kí ó máa kà á sókè, èmi ń wo ti ẹ̀yìn. "Ení, èjì, ẹ̀ta..." Nígbà tí àmì ẹ̀yìn padà sí ipò rẹ̀, ti iwájú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yí ìgbà mẹ́rin. 3.83 nìyẹn. Mo ti i sí karùn-ún: ti iwájú kò tíì yípo kan tán tí ti ẹ̀yìn ti parí tirẹ̀. 0.81. Ẹnu lè purọ́, páálí lè purọ́, ṣùgbọ́n eyín irin kì í purọ́ iye tó jẹ́. Mo tú nọ́ọ̀tì ìdí rẹ̀, mo fi ìka mi tọ́ epo tó kù wò: ó pupa rẹ́súrẹ́sú, kò sí wúrà nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni a dúnàá dúrà. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí wọ́n ti ní kí náírà máa wá iye ara rẹ̀ lọ́jà, Béljíọ̀mù kì í ṣe ọmọdé mọ́. Iye tí ọlọ́jà kọ́kọ́ pè ni mo ń gbọ́ títí mo fi dé ilé.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, a gbé e wọlé. Ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta ló gbé e lé orí jáàkì, èmi wà lábẹ́, mo ń tọ́ ṣáàfù iwájú sójú ihò kílọ́ọ̀ṣì. Ó wọlé lẹ́ẹ̀kan, "kọ́ọ̀," bí ìgbà tí ìdérí ìkòkò bá bá ìkòkò rẹ̀ pàdé. Bọ́ọ̀tù méjì òkè tó máa ń fi ìyà jẹ ènìyàn, mo ti di wọ́n. Mo ti ń kọrin. Nígbà náà ni èyí tó kéré jù nínú wọn, ọmọ tí kò tíì lo ọdún kan lọ́dọ̀ mi, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ògùṣọ̀ fóònù tan iná sí mi lójú.

"Ọ̀gá, níbo ni àwọn méjì yìí máa wọ̀?"

Wáyà méjì ló mú lọ́wọ́, orí wọn dúdú, sẹ́ńsọ̀ ni. Wọ́n rọ̀ dirodiro lẹ́bàá ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì. Mo wo ibi tó yẹ kí wọ́n wọ̀, lára agogo gíábọ́ọ̀sì lápá òsì. Irin pípé ni mo rí níbẹ̀. Kò sí ihò.

Orin já lẹ́nu mi.

Mo mọ̀ wọ́n. Mo ti mọ̀ wọ́n ṣáájú kí wọ́n tó bí ọmọ tó ń bi mí léèrè. Nínú 325i àkọ́kọ́, àwọn sẹ́ńsọ̀ méjì yìí ń wo fíláìwíìlì láti inú ihò méjì lára gíábọ́ọ̀sì: ọ̀kan ń ka eyín rẹ̀ kó lè mọ eré ẹ́ńjìnnì, èkejì ń wá àmì irin kékeré kan tó ń kọjá lẹ́ẹ̀kan ní yíyípo kọ̀ọ̀kan, kó lè sọ fún bréènìbọ́ọ̀sì pé ó tó àkókò láti tan iná sí púlọ́ọ̀gì. Láti apá ìparí 1987 ni wọ́n ti yí ètò náà padà; sẹ́ńsọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n fi síwájú ẹ́ńjìnnì, wọ́n ò sì nílò ihò ẹ̀yìn mọ́. Gíábọ́ọ̀sì tí mo rà jẹ́ ti lẹ́yìn àyípadà. Ọkọ̀ tí mo rà á fún jẹ́ ti ṣáájú rẹ̀. Bí mo bá di gbogbo bọ́ọ̀tù tán, tí mo sì yí kọ́kọ́rọ́, kìkì sítátà á máa yí ẹ́ńjìnnì títí bátìrì á fi kú, kò sì ní ta.

Mo ti ka nọ́ḿbà, mo ti mi ṣáàfù, mo ti fi ìka tọ́ epo wò, mo ti bi ọlọ́jà ní ìbéèrè méjìlá. Ohun tí mi ò ṣe ni kí n gbé ti àtijọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tuntun, kí n fojú wò wọ́n pọ̀. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Èmi ni mo gbàgbé apá tèmi.

Wẹ́dà tó wà lódìkejì ní kí n gbé e wá, òun á fi dúrílì lu ihò sí i ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àlàfo tó wà láàárín orí sẹ́ńsọ̀ àti fíláìwíìlì fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju mìlímítà kan lọ. Bí ihò bá wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan díẹ̀, iná púlọ́ọ̀gì á máa dé ní àìtó àkókò, a ó sì wá máa bá ẹ́ńjìnnì jà lórí ẹ̀ṣẹ̀ tí kò dá. Mo padà sí Ládípọ̀. Ọlọ́jà kò bá mi jiyàn, ó ní òun á pààrọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí 260 mìíràn nílé, kò sì mọ ìgbà tí òmíràn á wọlé.

Mo jókòó sórí táyà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo ń wo méjèèjì nílẹ̀. Ti bàbá ọmọ náà rèé: ihò rẹ̀ pé, inú rẹ̀ ti bàjẹ́. Ti Béljíọ̀mù rèé: inú rẹ̀ dára, kò ní ihò. Mo ti ń wá gíábọ́ọ̀sì kan láti àná, bẹ́ẹ̀ ó wà níwájú mi, wọ́n kàn pín in sí méjì ni.

Ọjọ́ mẹ́ta la fi tú wọn, tí a sì tò wọ́n padà. Mo mú àwọn òrùka idẹ ti Béljíọ̀mù lọ́kọ̀ọ̀kan, mo fi ọwọ́ tẹ̀ wọ́n mọ́ ojú gíà wọn, mo wo àlàfo tó kù láàárín wọn sójú iná: òrùka tó bá ti jẹ, àlàfo rẹ̀ á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ti kẹta ṣì gbà kí iná kọjá dáadáa. A gbé gbogbo ìfun yẹn sínú awọ àtijọ́. Bíárìnì ni a rà ní tuntun, nọ́ḿbà rẹ̀ wà lára rẹ̀ gbangba, ẹnikẹ́ni tó ń ta bíárìnì ní Èkó ló mọ̀ ọ́n. Èyí tó gba ọjọ́ jù ni àwọn irin pẹlẹbẹ tín-ín-rín tó ń pinnu bí ṣáàfù ṣe máa sinmi sí nínú ilé rẹ̀. Awọ kọ̀ọ̀kan ló ní ìwọ̀n tirẹ̀, a sì ní láti wọ̀n wọ́n lákọ̀tun. Epo tó yẹ ẹ́ la dà sí i, èyí tó ṣàn, ó lé díẹ̀ ní lítà kan. Sẹ́ńsọ̀ méjèèjì wọnú ihò wọn, ọmọ kékeré yẹn ló dì wọ́n.

Bí ènìyàn bá wá bi mí lónìí irú gíábọ́ọ̀sì tó yẹ kó rà fún ọkọ̀ eré tó ti dàgbà, mi ò ní dárúkọ kankan fún un. Màá ní kó jókòó sídìí ọkọ̀ rẹ̀ kó kọ́kọ́ ka àwọn aládùúgbò: ẹ́ńjìnnì tó máa fẹnu kàn án, fíláìwíìlì, ṣáàfù, dífíránṣà, wáyà tó rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà lọ síbi iṣẹ́, àti mẹ́káníìkì tó máa tún un ṣe lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, tó lè má jẹ́ èmi. Èyí tí gbogbo wọn bá gbà ni kó gbé. Èyí tó le jù, tó tà jù, tó tàn jù lórí fóònù, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹnìkan nínú wọn á kọ̀ ọ́. Bí kò bá sì sí èyí tó pé lọ́jà, kó má tíì ju ti ilé nù. Getrag tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ludwigsburg ní 1935 kò ṣe gíábọ́ọ̀sì tó ní ihò yẹn lọ́nà tí Ládípọ̀ á fi máa rí i lójoojúmọ́. Awọ ti bàbá ọmọ yẹn, wúrà ni.

Ní Sunday tó tẹ̀ lé e, kó tó di aago mẹ́fà, èmi àti ọmọ náà gbé e jáde. Láti Ìyànà Ìsọlọ̀, márosẹ̀ ṣófo. Kìíní, kejì. Nígbà tó kan kẹta, mo rí i tó mí sínú, ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́ fò ó bí ó ti mọ́ ọn lára. Mo ní, "Tì í." Ó tì í. Kò sí ìró kankan àfi ti ẹ́ńjìnnì tó ń gun òkè. Kò sọ̀rọ̀ títí a fi dé Òṣòdì.

Awọ Béljíọ̀mù tí kò ní ihò ṣì wà lórí pẹpẹ ní ṣọ́ọ̀bù. Mi ò tà á, mo fi ṣọ́ọ̀kì yí òbìrìkìtì méjì sí ibi tó yẹ kí ihò wà. Ó ti wá di àṣà láàárín àwọn ọmọ iṣẹ́ mi. Bí ẹnìkan bá ti ọjà dé tó ń yọ̀ pé òun rí ohun tó dára lówó pọ́ọ́kú, ì báà jẹ́ rédíò, ì báà jẹ́ bàtà, èyí tó kéré jù nínú wọn á kọ́kọ́ yọjú sí i: "Ihò ẹ̀ ńkọ́?" Gbogbo wọn á sì yíjú sí mi.